Ọ̀gá Méje

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Ódàbọ̀ dúró níwájú dígí, ó ń du ṣòkòtò tó fi ṣègbéyàwó wọ̀. Ó fẹ́ múra dáadáa lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti ń bínú sí i láti ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀ tó ti yọ síwájú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo eré.

"Ẹ fa ikùn sínú, ọkọ mi. Èmi nìkan ló yẹ kí n lóyún nínú yàrá yìí."

"Mo ti fà á. Ibi tó lè dé nìyẹn."

"Ẹ má wulẹ̀ mí mọ́ o. Ẹ wo síìpù yẹn, òun náà ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ bíi tiyín."

Ó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é.

"Bùrọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Ṣé ìyàwó rẹ wà nítòsí?"

"Ó wà níbí sà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò jí láàárọ̀ yìí."

"Ẹ jẹ́ kó sùn sà. Ẹ má jí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í sinmi."

Ìgbà tí Ódàbọ̀ gbọ́ bí Bùrọ̀dá ṣe ń mí sínú fóònù ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Síìpù já. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Obìnrin náà ti jẹ́ olùkọ́ àgbà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí àdúgbò tó lè gbà kọjá láì jẹ́ pé àgbàlagbà kan yóò rí i, yóò sì sáré yọ ọwọ́ kúrò lápò. Òun ló wá gbogbo iṣẹ́ tí Ódàbọ̀ ti ṣe fún un. Yóò lọ bá ẹnì kan tó ti kọ́ rí, tàbí òbí ẹni tó ti kọ́ rí, yóò ní, "Àbúrò mi lórí pípé," wọn yóò sì gba àbúrò rẹ̀ síṣẹ́ láì bèèrè ohunkóhun.

Òótọ́ ni, orí rẹ̀ pé. Ohun tí ẹlòmíì ń fi ọdún kan kọ́, oṣù méjì ló máa fi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti mọ iṣẹ́ náà tán, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Á rí àléébù kan, á bọ́ yunifọ́ọ̀mù, á ní "ó dàbọ̀ o", á sì gba ilé lọ lọ́jọ́ náà láì fún ẹnikẹ́ni ní nótíìsì. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nílé epo ló sọ ọ́ ní Ódàbọ̀. Nínú gbogbo ohun tó rí gbà láwọn ibi iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ yẹn nìkan ló pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbàkígbà tó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tó bá pè é lọ́sàn-án, kò ní gbé fóònù. Tó bá pè é nírọ̀lẹ́, á ní, "Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò, jẹ́ kí n sùn." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ á yọ́, á tún jáde lọ wá iṣẹ́ míì fún un.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn àlejò ti lọ, ìyàwó Ódàbọ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé orí àpótí. Irun ló ń ṣe fún àwọn obìnrin, orí ìdúró ló sì máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè dúró mọ́.

"Ta ló máa wá bá wa wáṣẹ́ báyìí?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ̀yin? Gbogbo ilé iṣẹ́ ìlú yìí ni ẹ mọ ọ̀nà àbájáde wọn. Ṣé ẹ wá mọ ọ̀nà àbáwọlé?"

Kò bínú. Ó lọ wá ọ̀nà àbáwọlé.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gba Ódàbọ̀ lálejò. Ó wọ gíláàsì kan sójú, ó gbé òmíràn sórí, ó sì ń ka ìwé tí Ódàbọ̀ kọ nípa ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ẹ̀wà.

"Iṣẹ́ méje," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láàárín ọdún mẹ́rin. Ṣé iṣẹ́ lò ń ṣe ni, àbí ò ń bẹ àwọn èèyàn wò?"

Ódàbọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ilé búrẹ́dì. Kí ló lé ọ kúrò níbẹ̀?"

"Ooru, mà."

"O rò pé inú fìríìjì ni wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ni? Ilé epo ńkọ́?"

"Òórùn, mà. Orí máa ń fọ́ mi."

"Ṣọ́ọ̀bù fóòmù?"

Ódàbọ̀ wo ilẹ̀. "Oorun, mà. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló rọ̀."

"Ooru, òórùn, oorun. Ó ku oòrùn."

"Ìyẹn ni ti ilé ìfọṣọ, mà, tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n máa sá aṣọ síta lọ́sàn-án gangan."

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé ti orí wọ̀, bóyá ó rò pé yóò rí ẹlòmíì.

"Gbọ́ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Mi ò kórìíra rẹ. Ẹni mẹ́ta ni mo ti gbà sípò yìí lọ́dún tó kọjá. Mo máa fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ ní gbogbo ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo kọ́kọ́rọ́, gbogbo dígí, ibi tí kálukú wọn ń gbé. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n tán ló yẹ kí iṣẹ́ rẹ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwọ yóò jáde. Èmi ni mo san owó fún ọ láti kẹ́kọ̀ọ́, ẹlòmíì ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òmùgọ̀ ni ọ́, ǹ bá gbà ọ́ kíá. Òmùgọ̀ máa ń dúró. Ọgbọ́n orí rẹ yìí ló ń bà mí lẹ́rù."

"Mà, ìyàwó mi lóyún."

"Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Àmọ́ ọmọ inú kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún bàbá rẹ̀." Ó dá ìwé padà fún un. "Nínú ọ̀gá méje, wá ẹyọ kan fún mi tó lè gbà ọ́ padà. Ẹyọ kan péré. Kó pè mí kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kí ẹni tí mo bá gbà bẹ̀rẹ̀."

Ilé búrẹ́dì ni Ódàbọ̀ kọ́kọ́ lọ, torí pé bàbá tó ni ibẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ju àwọn tó kù lọ. Apá bàbá náà funfun fún fúláwà títí dé ìgúnpá.

"Háà! Ódàbọ̀! Ta lo tún wá dágbére fún? Ó kù díẹ̀ kí búrẹ́dì mi jóná lọ́jọ́ tí o lọ yẹn o." Ó yẹ ẹ̀yìn Ódàbọ̀ wò. "Tísà ńkọ́? Ṣé kò bá ọ wá ni?"

"Tísà wo, sà?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ, ta ni mo tún mọ̀?"

"Ó ti kú, sà. A ti sin ín."

Bàbá náà rọra jókòó lé àpò fúláwà. Ó fẹ́ fọwọ́ nu ojú, ó sì di funfun títí dé etí. Ódàbọ̀ kò mọ̀ bóyá kóun bá a sunkún ni tàbí kóun bá a wá aṣọ ìnujú.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ni bàbá náà ń wí. "Obìnrin tó bá mi ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko."

"Ibo ló ti bá yín ṣiṣẹ́, sà?"

"Níbí! Níbi tí o dúró sí yẹn! Ọjọ́ kejì tí o sá lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti de orí, ó ti ká apá aṣọ sókè. Ó ní, 'Àbúrò mi jẹ yín ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo wá ṣe é.' Mo ní, 'Tísà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.' Ó wò mí. Ìwọ náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń wo èèyàn. Mo bá gbé ìyẹ̀fun pípò fún un."

Ódàbọ̀ wá ibi jókòó sí.

"Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá," ni bàbá náà ń bá a lọ, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti ń gbọ̀n ọ́n léjìká. "Ó ń fi rúlà wọn búrẹ́dì. Èyí tí kò bá gùn tó ẹgbẹ́ rẹ̀, á dá a padà sínú ọpọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ wọlé láì kí ara wọn. Ó wá ku ọjọ́ méjì kó parí, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè búrẹ́dì Tísà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?"

"Ó ní a ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní tí o bá mọ̀ pé ẹnì kan ń bá ọ parí rẹ̀, ìwọ yóò wulẹ̀ máa fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sá ni."

Ódàbọ̀ rántí gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó fi rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń bínú. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé ohun tó bá wá. Bàbá náà ló bi í. Nígbà tó gbọ́, ó pe obìnrin onílẹ̀kùn náà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí Ódàbọ̀ lè gbọ́.

"Ṣé ẹ lè gbà á padà síṣẹ́?" ni ohùn obìnrin náà bèèrè.

Bàbá oníbúrẹ́dì wo Ódàbọ̀, ó wo ààrò, ó sì mí kanlẹ̀. "Ká má purọ́, mà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo lè gbà padà. Òun, kíá báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ló wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, sà."

"Mo mọ̀, mà. Àdánù yín ni."

"Ẹ sọ fún un pé ó ku mẹ́fà," ni obìnrin náà wí, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Nílé epo, mánéjà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, bú sẹ́rìn-ín bó ṣe gbọ́ orúkọ Tísà, kó tó gbọ́ pé ó ti kú, ó sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. "Tísà á bínú gidi sí mi tí mo bá ń sunkún lẹ́nu iṣẹ́," ó ní. Ó jọ pé Tísà ti kọ́ òun náà rí. "Ẹ ò rí ohun tó ṣe níbí. Ó to gbogbo àwọn tó gun alùpùpù wá bí a ṣe máa ń tò lọ́jọ́ sí ní kíláàsì, àwọn kúkúrú síwájú. Ẹni tó bá fi fóònù sétí, kò ní ta epo fún un. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọlọ́pàá kan, ó ní kó lọ dúró sẹ́yìn."

"Ṣé ọlọ́pàá náà lọ?"

"Ó lọ. Ó tún ká ọwọ́ sẹ́yìn."

"Ṣé ẹ lè gbà mí padà, mánéjà?"

Mánéjà náà fọwọ́ họ orí. "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé òórùn epo ti yí padà ni?"

Ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ní Tísà tẹ́ bẹ́ẹ̀dì le débi pé àlejò kan sùn sórí aṣọ títí ilẹ̀ fi mọ́, torí pé kò rí ibi tó lè gbà wọ abẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù fóòmù, wọ́n ní kò jókòó rárá títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé. Ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ti bá Ódàbọ̀ kẹ́dùn, tí wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkankan tó gbà láti sọ pé òun lè gbà á padà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán Sátidé, ó ku ọ̀gá kan ṣoṣo, ìyẹn Ìyá Alágbàfọ̀ tó ni ilé ìfọṣọ.

Ìyá Alágbàfọ̀ wà láàárín àgbàlá, ó ń fún ìbòrí bẹ́ẹ̀dì kan bí ẹni tó ń fún ọ̀tá lọ́rùn. Nígbà tó rí Ódàbọ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Kí lo wá ṣe? Ìwọ àti ará ilé rẹ, mo ti mọ̀ yín báyìí. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín."

"Kí la ṣe, mà?"

"O sá lọ láì fún mi ní nótíìsì. Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá, ó ń wò mí bí adájọ́, ó ní òun yóò bá ọ ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tó yẹ kí o ṣe. Mo ní, háà, ọmọlúàbí nìyí! Mo ń royìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló ṣe! Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mi ò rí i. Kò pè. Kò ránṣẹ́. Aṣọ ń ga lórí tábìlì, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Òun náà kúkú sá lọ bíi tìẹ."

Ódàbọ̀ mi orí.

"Kò sá lọ, mà. Ó kú ni. Ojúmọ́ Ajé yẹn gan-an ni kò jí."

Ìbòrí bẹ́ẹ̀dì náà jábọ́ sínú ọpọ́n omi.

"Yéè," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Ṣé iṣẹ́ mi ló pa á?"

"Rárá, mà. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, kò kàn sọ fún wa ni."

"Orin ló ń kọ o. Ó ń kọrin, ó sì ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wí. Ọlọ́run jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ó sá lọ."

Ódàbọ̀ dúró láàárín àwọn aṣọ tó ń ṣomi. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún un ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ohun tó ń ronú ni pé nínú ayé ẹ̀gbọ́n òun, ibì kan ṣoṣo wà tí wọ́n ti ń pè é ní ẹni tó sá kúrò nídìí iṣẹ́, iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ sá sílẹ̀ ló sì fà á.

Nígbà tó délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín ti ọlọ́pàá tó ká ọwọ́ sẹ́yìn títí ó fi di ìhà mú, ó sì sunkún ti Ìyá Alágbàfọ̀. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú.

"Ọ̀sẹ̀ kan ló ṣẹ́kù?"

"Ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọjọ́ Ajé sì ni onílẹ̀kùn fẹ́ gba èèyàn."

"Ọjọ́ Ajé ni. Mi ò tíì rí ọ̀gá kankan fún un náà."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó wo ọkọ rẹ̀. "Màá ra àpótí gíga kan tí mo lè jókòó lé kí n máa fi ṣe irun. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè pa wá. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí ẹ bá dé ọ̀hún tí ẹ sọ pé oòrùn ń pa yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ bí ọmọ yìí lọ́dọ̀ Bùrọ̀dá."

Ódàbọ̀ pe obìnrin onílẹ̀kùn.

"Ṣé o ti rí ọ̀gá kan?" ni obìnrin náà bi í.

"Mi ò rí i, mà. Mo tiẹ̀ ní kí n sọ fún yín pé mi ò ní lè wá lọ́jọ́ Ajé. Mo ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tí mo fẹ́ lọ parí."

"Iṣẹ́ wo? O ò ní iṣẹ́ kankan."

"Èyí tí mo sá kúrò níbẹ̀ ni, mà. Ilé ìfọṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi parí rẹ̀ lọ́wọ́ ló fi kú."

"Mi ò lè fi àyè sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni," ni obìnrin náà wí. "Ẹni méjì ló ń dúró de iṣẹ́ yìí, mi ò sì ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ tí o bá parí ọ̀sẹ̀ náà, fi nọ́ńbà alágbàfọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má tíì dúpẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ódàbọ̀ ti dé àgbàlá náà kí Ìyá Alágbàfọ̀ tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Alágbàfọ̀ wo gbogbo wọn yíká.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní, ó gbé ohùn sókè kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. "Tísà kò sá lọ. Ó di aláìsí ni. Ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ́kù fún un ni àbúrò rẹ̀ wá bá a ṣe yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun míì mọ́."

Wọ́n fi tábìlì kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kún orí rẹ̀, àwọn kékeré tí apá wọn kò ju ọwọ́ èèyàn lọ. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Ódàbọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú èyí tó wà lókè, ó tẹ́ ẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ọrùn rẹ̀ títí ó fi gún. Ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ó mú òmíràn.